Báàgì àgbékọ́yìn fún ìrìn-àjò: ẹ jẹ́ kí ìbàdí gbé ẹrù, kí èjìká sinmi

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn oníbáàgì ní Ọjà Ọba tàbí ní Ìgbọ́nà, níbí ní Òṣogbo, tí ẹ ní báàgì ìrìn-àjò lẹ fẹ́ rà, àpò ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn yín. Àpò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àpò kọ̀ǹpútà wà nínú, àpò ìkọ̀kọ̀ wà lẹ́yìn, ihò tí wáyà ṣáájà ń gbà tún wà níwájú. Wọ́n á fa síìpù rẹ̀ lọ, wọ́n á fà á bọ̀, wọ́n á gbá a lábàrá kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe le tó. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé báwo ni ẹ̀yìn yín ṣe gùn tó. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó ṣáájú, torí òun ló máa pinnu bóyá ara á tù yín lábẹ́ ẹrù, tàbí ẹ ó ti máa fọwọ́ ra èjìká kí ẹ tó rìn láti Old Garage dé Ọláìyá.

Ohun tó wà lára páálí pélébé tí wọ́n so mọ́ báàgì kì í sábà ran èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n kọ 40L, wọ́n kọ 600D, wọ́n ya àwòrán ẹ̀kán omi sí i. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń sọ á kàn wo owó, á wo àwọ̀, á sì mú èyí tó wù ú lójú. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n pín sí Tàràbà, akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń lọ fún ìdánwò iṣẹ́ l'Ékòó, oníṣòwò tó ń lọ kó ọjà, ẹni tó fẹ́ lọ wo omi Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà lọ́jọ́ ìsinmi: ẹrù wọn ò dọ́gba, ìrìn wọn ò dọ́gba, àmọ́ ohun kan náà ló ń mú kí báàgì tu gbogbo wọn lára. Òun ni mo fẹ́ là yé yín, kí owó yín má bàa wọgbó.

Ibi tó yẹ kí ẹrù jókòó sí

Èjìká ò lágbára tó bá a ṣe rò. Láàárín ọrùn àti apá, àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọwọ́ gba ibẹ̀ kọjá, ẹran tó sì bò wọ́n kò nípọn. Bí ọwọ́ báàgì bá tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì, ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í roni, ìka á máa ṣe yinrinyinrin, ọwọ́ á fẹ́ kú. Ẹni tó gbé ẹrù ọ̀hún á wá tẹ̀ síwájú kó lè rí ìtura, bó bá sì tẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́, ẹ̀yìn náà á gbà nínú ìrora.

Ìbàdí ò rí bẹ́ẹ̀. Egungun rẹ̀ tóbi, ó nípọn, orí ẹsẹ̀ ló jókòó sí tààrà, iṣan tó tóbi jù lọ lára èèyàn sì wà ní àyíká rẹ̀. Ẹrù tó bá jókòó síbẹ̀ ti bọ́ sórí ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń pọnmọ. Ọmọ kì í rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ìdí ọmọ á jókòó sókè ìbàdí ìyá, ìyá á fi ìró wé e mọ́ ara rẹ̀, á wá fi ọ̀já dì í gírígírí lábẹ́ ìdí. Ìdí nìyẹn tí abiyamọ fi lè pọn ọmọ tó tó kílò mẹ́wàá, kó máa roko, kó máa pàtẹ ọjà, kó máa fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́. Bí ọ̀já bá dẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọmọ á yọ̀ wálẹ̀, á máa fa ìyá sẹ́yìn, ìyá á sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láti tún un pọ̀n. Bí báàgì tó dáa ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn: ó jókòó sókè ìbàdí, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kò fì sọ́tùn-ún sósì.

Bẹ́líìtì ìbàdí ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀já yìí lára báàgì. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Dick Kelty, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ ìwúlò rẹ̀. Ní 1952, ní California, òun àti ìyàwó rẹ̀, Nena, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báàgì oní-férémù alumíníọ̀mù tà nílé wọn, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí ìwúwo ẹrù á fi kúrò lórí èjìká bọ́ sí ìbàdí. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe báàgì ńlá sábà máa ń sọ pé bí bẹ́líìtì bá jókòó dáadáa, ó lè gbé ìdá 80 nínú 100 ẹrù náà. Kódà bí ó bá gbé ìdajì péré, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ní farasin.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Bẹ́líìtì méjì ló wà lọ́jà, wọn ò sì jọra. Ọ̀kan fẹ̀, ó ní tìmùtìmù nínú, ó yí ìbàdí ká bọ́ síwájú. Òun ló ń gbé ẹrù. Èkejì kàn jẹ́ okùn pẹlẹbẹ tí kò fẹ̀ ju ínṣì kan lọ, tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀gbẹ́ báàgì. Òun kì í gbé nǹkan kan, ó kàn ń mú kí báàgì má fì ni. Bó bá wá jẹ́ pé ẹrù wúwo tí ẹ sì fà á le, ńṣe ló máa gé yín nínú. Ọ̀pọ̀ báàgì tí wọ́n ń pè ní báàgì ìrìn-àjò lọ́jà wa, okùn yìí ni wọ́n fi sí i.

Ohun kejì tí àwọn tó ń tà á kì í ṣàlàyé ni pé bẹ́líìtì nìkan kò tó. Ohun líle kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn báàgì tó máa gbé ìwúwo láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ìyẹn férémù: ó lè jẹ́ ọ̀pá alumíníọ̀mù kan tàbí méjì, ó lè jẹ́ ike pẹlẹbẹ tó nípọn, ó lè jẹ́ wáyà irin tó yí etí ẹ̀yìn báàgì ká. Bí kò bá sí i, báàgì á wó lé ara rẹ̀ lórí, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á sì padà sórí èjìká, bó ti wù kí bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ̀ tó. Ẹ lè mọ èyí nísọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé báàgì tó ṣófo dúró lórí tábìlì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá ká kò láàárín, kò ní férémù. Bó bá dúró ṣánṣán tó sì ń ta ko ọwọ́ yín, ó ní i. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún náà, torí àwọn míì ń fi páálí lásán ṣe é, páálí sì máa rọ̀ lọ́jọ́ tí òjò àkọ́kọ́ bá pa á.

Ẹrù tí kò tó kílò méje kò nílò gbogbo èyí. Kọ̀ǹpútà kan, aṣọ ìpààrọ̀ kan, omi àti búrẹ́dì, báàgì iléèwé gidi á gbé e dé Ìbàdàn láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ pé ẹrù yín máa kọjá bẹ́ẹ̀, tí ẹ ó sì rìn pẹ̀lú rẹ̀, lójú tèmi, ẹ má fowó ra báàgì tí kò ní férémù àti bẹ́líìtì tó fẹ̀.

Ẹ wọn ẹ̀yìn yín kí ẹ tó jáde nílé

Gíga èèyàn kọ́ ló ń sọ báàgì tó máa bá a mu. Ẹlòmíì ga, ẹsẹ̀ ló fi ga. Ẹlòmíì kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn. Mo wà nísọ̀ kan ní Ìgbọ́nà nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé, ń yan báàgì. Ìyá oníbáàgì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, bó o ṣe ga tó yìí, èyí ńlá yìí ni tìẹ." Ó gbé e kọ́yìn, bẹ́líìtì sì já sí i ní ìdí. "Mà, ó ń gbá mi nídìí o." "O ò tíì há a dáadáa ni." Wọ́n há a, wọ́n tú u, kò yí padà. Ni ìyá bá fa tépù yọ lápò, wọ́n wọn ẹ̀yìn rẹ̀, ínṣì 17 péré. Ìyá bú sẹ́rìn-ín: "Áà, ẹsẹ̀ lo kó gbogbo gíga yẹn sí!" Báàgì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gbé lọ, ó sì jókòó lára rẹ̀ wẹ́kú.

Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ tẹ orí síwájú, kí ẹ fọwọ́ wá egungun kan tó yọ gọngọ nísàlẹ̀ ọrùn, ní ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí mú, kí àtàǹpàkò kọjú sẹ́yìn, kí ìka tó kù wà níwájú, kí ọwọ́ jókòó lórí egungun ìbàdí lókè pátápátá. Ẹ fojú inú fa ìlà láti àtàǹpàkò kan sí èkejì. Ibi tí ìlà yẹn ti gé ọ̀pá ẹ̀yìn ni òpin. Kí ẹnì kan nínú ilé bá yín fi tépù télọ̀ wọ̀n ọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀, kí tépù máa tẹ̀ lé kọ́rọkọ̀rọ ẹ̀yìn. Fún àgbàlagbà, ó sábà máa ń wà láàárín ínṣì 15 sí 22, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 38 sí 56. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń kọ ìwọ̀n ẹ̀yìn tí báàgì wọn bá mu sára rẹ̀, S, M, L, ṣùgbọ́n M ilé-iṣẹ́ kan lè má jẹ́ M ilé-iṣẹ́ kejì, nítorí náà iye ínṣì ni kí ẹ gbára lé. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan, ẹ wọn báàgì fúnra rẹ̀, láti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti so mọ́ ẹ̀yìn dé àárín bẹ́líìtì. Ó yẹ kó sún mọ́ ìwọ̀n ẹ̀yìn yín. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe ọwọ́ wọn lọ́nà tó ṣeé sún sókè sódò. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lára tókunbọ̀ tó ṣì dáa, ẹ má jẹ́ kó bọ́, torí gbogbo ilé lè máa yá a lò.

Ẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti máa ń pàdánù. Báàgì tó pọ̀ jù lọ́jà, ìwọ̀n ọkùnrin ni wọ́n fi gé e: ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ jìnnà síra, ó sì nà ṣánṣán. Lára obìnrin, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ á máa yọ̀ kúrò léjìká tàbí kó máa ha ọmú. Èyí tí wọ́n ṣe fún obìnrin máa ń kúrú díẹ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ á sún mọ́ra lókè, á tún tẹ̀ kọ́rọ́ yí ọmú ká, bẹ́líìtì rẹ̀ á sì tẹ̀ lé ìrísí ìbàdí. Ọ̀rọ̀ ìró náà tún wà níbẹ̀ o. Kókó ìró tí bẹ́líìtì báàgì bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ á gún ni, ìró fúnra rẹ̀ á sì máa yọ̀ wálẹ̀. Ní ọjọ́ ìrìn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì tí kò ní kókó níwájú.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú omi inú ọ̀rá

Báàgì òfìfo kò ní sọ òótọ́ fún yín. Gbogbo báàgì ló ń tuni lára nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ ra àpò omi kan lẹ́bàá ibẹ̀. Omi inú ọ̀rá kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50 jẹ́ ìdajì lítà, ìdajì lítà omi sì jẹ́ ìdajì kílò. Ọ̀rá 16 á fún yín ní kílò mẹ́jọ, 20 á fún yín ní mẹ́wàá. Ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ to omi náà sínú báàgì, kí ẹ fi àlòkù aṣọ tàbí páálí há a kó má máa yí. Oníbáàgì tó bá mọ̀ pé ọjà òun dáa kò ní kọ̀.

Ẹ wá tú gbogbo okùn ara rẹ̀ sílẹ̀ kó dẹ̀. Ẹ gbé e kọ́yìn, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ gbé bẹ́líìtì sókè títí tí àárín rẹ̀ á fi bo orí egungun ìbàdí lọ́tùn-ún lósì. Bó bá wà lórí ikùn, ó ga jù. Bó bá wà lórí ìdí, ó relẹ̀ jù. Ẹ há a, kí ẹ fà á le dáadáa. Ìgbà yìí ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọwọ́ báàgì, kó kàn lẹ̀ mọ́ èjìká, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ́kọ́ fa ọwọ́. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, èjìká ti gba ẹrù ná, bẹ́líìtì ò sì ní rí nǹkan kan gbé mọ́.

Lókè èjìká, báàgì ńlá máa ń ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó so ọwọ́ báàgì mọ́ orí férémù. Ẹ̀ka yìí ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, àwọn kan tiẹ̀ ń gé e dànù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa orí báàgì súnmọ́ ẹ̀yìn yín kó má bàa máa fà yín sẹ́yìn. Bí ẹ bá fà á, ó yẹ kó dagun láti èjìká lọ sókè, ní nǹkan bí dígírì 45. Bó bá sùn gbalaja tàbí tó dorí kodò, báàgì náà kúrú fún yín. Okùn àyà ló kẹ́yìn, òun ló ń mú kí ọwọ́ méjèèjì má yà síra. Kó wà nísàlẹ̀ egungun ọrùn díẹ̀, kó má sì le débi tí ẹ ò fi ní lè mí kanlẹ̀.

Ẹ wá wo ara yín nínú dígí, tàbí kí ẹlòmíì bá yín wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ọwọ́ báàgì ti so mọ́ ẹ̀yìn yẹ kó wà ní ínṣì kan sí méjì nísàlẹ̀ orí èjìká, kí ọwọ́ náà sì yí èjìká ká láìsí àlàfo. Bí àlàfo bá wà láàárín rẹ̀ àti ẹ̀yìn èjìká, báàgì gùn jù. Bí ọwọ́ bá ń fa èjìká wálẹ̀ tí bẹ́líìtì sì ń gun ikùn lọ, ó kúrú jù. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ ọwọ́ méjèèjì díẹ̀. Bí báàgì bá kàn fì sẹ́yìn díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò já wálẹ̀, ìbàdí ló ń gbé e. Bó bá já wálẹ̀, èjìká ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ láti òwúrọ̀. Ẹ rìn yípo ọjà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gun àtẹ̀gùn kan bó bá wà, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ dìde. Ibi tó bá ń ta yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á ti bó yín láwọ ní wákàtí mẹ́ta.

Lítà, kílò àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀

Lítà tí wọ́n kọ sára báàgì kì í ṣe ìwúwo. Ààyè inú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Kẹ́ẹ̀gì epo tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ lítà 25. Báàgì 25L gba ohun tó tó ìyẹn. Fún ìrìn ọjọ́ kan, bí irú ẹni tó wá wo Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, lítà 15 sí 20 ti tó, ó tiẹ̀ dáa kó kéré lásìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògún, torí nínú èrò rẹpẹtẹ, iwájú àyà ló yẹ kí báàgì wà, kì í ṣe ẹ̀yìn tí ojú ò tó. Fún omi Olúmirin, 20 sí 25: àpáta ibẹ̀ ń yọ̀, ẹ sì máa nílò ọwọ́ méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan, 35 sí 45. Èyí tó ju 60 lọ, àwọn tó ń gbé àgọ́ àti ibùsùn wọn rìn nínú igbó ni wọ́n ṣe é fún. Àgùnbánirọ̀ tó ń lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àgọ́ lè fẹ́ ra irú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé 45 lẹ́yìn àti báàgì kékeré kan lọ́wọ́ sàn fún un. Ààyè tó bá ṣófo nínú báàgì, a ó wá nǹkan fi dí i ni, títí kan bàtà kẹta tí a ò ní wọ̀.

Ní ti ìwúwo, ìdá 20 nínú 100 ìwúwo ara yín ni kí ẹ mú bí òpin fún ìrìn gidi. Ẹni tó jẹ́ kílò 65 kò yẹ kó gbé ju 13 lọ, títí kan báàgì fúnra rẹ̀, tó lè jẹ́ kílò méjì kó tó di pé wọ́n kó nǹkan sí i. Fún ọmọ iléèwé, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kó má kọjá ìdá 10 sí 20. Ẹ gbé báàgì ọmọ yín sórí òṣùwọ̀n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ẹ ó ya ẹnu.

Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú lẹ máa bá lọ láti Ìbàdàn tàbí Èkó, tí ẹ ò sì fẹ́ kí báàgì kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wo ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà gbà láyè kí ẹ tó ra báàgì. IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, dámọ̀ràn pé kó má kọjá sẹ̀ǹtímítà 56 ní gíga, 45 ní fífẹ̀, 25 ní jíjìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló gba èyí tó kéré sí i, àwọn míì ò sì fẹ́ kó ju kílò méje lọ.

Aṣọ rẹ̀, síìpù rẹ̀, àti oòrùn

Mi ò ní pẹ́ lórí aṣọ. D tó wà nínú 600D ni denier, ìyẹn iye gíráàmù tí òwú rẹ̀ wọ̀n bó bá gùn tó mítà 9,000. Bí òǹkà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni òwú náà ṣe nípọn tó, kì í ṣe pé ó dáa tó. Náílọ́ọ̀nù 420D lè lágbára ju pọ́lísítà 600D lọ. Ẹ̀kán omi tí wọ́n yà sí i túmọ̀ sí pé á gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀wààrà kékeré. Òjò oṣù Ọ̀wàrà ti Òṣogbo á wọ̀ ọ́, àgàgà láti ojú síìpù àti ojú abẹ́rẹ́. Ẹ kó aṣọ yín sínú ọ̀rá ńlá kí ẹ tó kó o sí báàgì, kò sí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síìpù ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ, torí òun ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ẹ fà á láti igun dé igun pẹ̀lú ọwọ́ kan, nígbà tí omi yẹn ṣì wà nínú báàgì. Bó bá ń há ní kọ̀rọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Orúkọ YKK, ilé-iṣẹ́ Japan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, lára orí síìpù jẹ́ àmì tó dáa, àmọ́ ayédèrú rẹ̀ wà, nítorí náà ọwọ́ yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ báàgì ti so mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú: ó yẹ kí abẹ́rẹ́ ti lọ bọ̀ níbẹ̀ léraléra títí tó fi di ìlà tó nípọn. Ojú rírán kan ṣoṣo máa já nínú gáréèjì.

Ooru wa kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn báàgì kéré. Àwọn báàgì kan wà tí àwọ̀n nínà wà lẹ́yìn wọn, tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Deuter, ilé-iṣẹ́ báàgì kan ní Jámánì, ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1984. Ó dáa fún ẹrù kékeré. Ṣùgbọ́n àlàfo yẹn ń tì ẹrù jìnnà sí ẹ̀yìn, bí ẹrù bá sì wúwo, á máa fà yín sẹ́yìn. Fún ẹrù tó ju kílò mẹ́wàá, mo fara mọ́ òógùn.

Dídì rẹ̀, àti lílò rẹ̀ lójú ọ̀nà wa

Báàgì tó bá yín mu lè di ìyà bí ẹ bá dì í lódì. Ohun tó fúyẹ́, bí aṣọ àwọ̀sùn, kó wà nísàlẹ̀. Ohun tó wúwo jù, bí kọ̀ǹpútà, ìwé, gàárì, kó wà láàárín, kó sì fara ti ẹ̀yìn yín, ní àyíká abẹ́ èjìká. Ohun tí ẹ máa nílò lójú ọ̀nà kó wà lókè. Bí ẹ bá kó ohun wúwo síta pátápátá, sínú àpò iwájú, kò sí bẹ́líìtì tó máa gbà yín.

Lórí ọ̀kadà, ẹ jẹ́ kí ìdí báàgì jókòó sórí ìjókòó lẹ́yìn yín, kí ẹ sì dẹ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá sí ààyè fún un láti jókòó, ẹ gbé e sáàárín yín àti ọlọ́kadà. Nínú gáréèjì, kí wọ́n tó gbé e sọ sínú búùtù, ẹ há bẹ́líìtì rẹ̀ yí iwájú báàgì, kí ẹ fa gbogbo okùn le. Okùn tó bá ń fì ni wọ́n máa ń fi fà á yọ lábẹ́ àpò ìrẹsì, ibẹ̀ ló sì ti ń já.

Àwọn tó ń rán báàgì àdìrẹ níbí ń ṣe iṣẹ́ tó rẹwà, mo sì fẹ́ kí èèyàn máa ra tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbé ẹrù, ẹ bá télọ̀ sọ ọ́ ṣáájú: kó fi ọwọ́ tó fẹ̀ tó ínṣì méjì ààbọ̀ sí i, kó sì má fi fóòmù ibùsùn sínú rẹ̀, torí ìyẹn á pẹ̀lẹ́bẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Fóòmù tí àwọn oníbàtà fi ń gé sílípáàsì ni kó lò. Ó le, ó sì máa ń padà sípò bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìrìn, iyọ̀ inú òógùn máa ń gbẹ mọ́ ọwọ́ báàgì àti bẹ́líìtì, á sì máa jẹ aṣọ àti òwú rẹ̀. Ẹ fi omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ fọ ibẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ máa ń bó oje tó ń dènà omi kúrò nínú aṣọ rẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo síìpù, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ sá a síbòji. Bí síìpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yanu lẹ́yìn tí ẹ ti pa á dé, orí rẹ̀ ló ti dẹ̀: kí oníbàtà fi pílọ́yà fún un díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, owó kékeré ni. Ọwọ́ tó já ṣeé rán, ike ìhá tó kán ṣeé pààrọ̀. Férémù tó bá kán ni kò ní àtúnṣe tó ṣeé fọkàn tán, ẹ yọ ọ́ kúrò kó má bàa gún yín, kí ẹ sì fi báàgì náà sílẹ̀ fún ẹrù tí kò tó kílò méje.